Ilé Tí Ó Yẹ Sítáǹpù

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro láti lóye nígbà tí ó bá jẹ́ ọmọ ènìyàn ni à ń sọ. Ipò tí ilé wà, ohun tí ojú òbí ti rí, àti ìrètí tí ìdílé ní, gbogbo rẹ̀ ni ó ń bá orúkọ lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lẹ́yìn òwe yìí tí a kì í sábà yẹ̀ wò. Bí ó bá ṣe pé ọmọ ni ó ti wà nílẹ̀, tí ó jẹ́ ilé ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá fún un ńkọ́? Ṣé ọmọ ni yóò gba ìrísí ilé, àbí ilé ni a ó kọ́ ní ìwọ̀n ọmọ?

Ohun kékeré kan ni mo fẹ́ fi yẹ ìbéèrè yìí wò. Ohun náà ni ìwé tí à ń kó sítáǹpù lẹ́tà sí, èyí tí àwọn olùkójọ ń pè ní álíbọ́ọ̀mù. Mo mọ̀ pé òǹkàwé mìíràn yóò ti máa rẹ́rìn-ín. Kí ni ti bébà pélébé tí kò ju èékánná méjì lọ, tí ènìyàn yóò fi sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìwà? Ẹ ní sùúrù fún mi. Ohun tí ó kéré ni ó máa ń tú ìwà ẹni síta jù, nítorí pé a kì í múra dè é. Nígbà tí ènìyàn bá ń yan ilé fún ohun tí kò lè sọ̀rọ̀, tí kò lè jà, tí kò sì lè pè é lẹ́jọ́, ìgbà náà ni a ó mọ irú olùtọ́jú tí ó jẹ́.

Sítáǹpù àkọ́kọ́ láyé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù karùn-ún ọdún 1840. Àwọ̀ dúdú ni ó ní, orí Ọbabìnrin Fikitóríà ni ó wà lára rẹ̀, pẹ́nì kan ni iye rẹ̀. Rowland Hill ni ó dá àbá pé kí ẹni tí ó kọ lẹ́tà sanwó rẹ̀ ṣáájú, kí iye owó náà má sì yàtọ̀ nítorí jíjìn ọ̀nà. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tí a kọ lẹ́tà sí ni ó sábà máa ń sanwó kí ó tó lè gbà á. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa sítáǹpù tí a ti lò jọ. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1862, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Justin Lallier ti tẹ ìwé kan jáde ní Paris tí a la àyè sí fún sítáǹpù orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, kí olùkójọ lè mọ ibi tí yóò lẹ ohun tí ó bá rí mọ́.

Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n sítáǹpù mìíràn tóbi ju àyè tí a là fún un lọ. Kí ni àwọn olùkójọ ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wọn mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n gé etí sítáǹpù kúrò kí ó lè wọ inú àyè rẹ̀. Lónìí, sítáǹpù tí a gé báyẹn ti di aláàbọ̀ ara lójú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi òdodo wo ẹni tí ó di sísọ́ọ̀sì mú. Kì í ṣe ọ̀tá sítáǹpù. Ó fẹ́ràn sítáǹpù tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ra ilé olówó iyebíye fún un. Ìfẹ́ ètò ni ó mú kí ó gé ohun tí ó fẹ́ tọ́jú. Èyí ni ó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ìtàn náà, nítorí pé ọwọ́ tí ó ń tọ́jú kan náà ni ó ṣe ìpalára.

Sítáǹpù tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láyé, ti British Guiana ti ọdún 1856 tí iye rẹ̀ jẹ́ sẹ́ǹtì kan, gbogbo igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ti di gígé. Ní ọdún 1873, ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 12 kan ni ó rí i láàárín àwọn ìwé ìdílé rẹ̀. Kò jọ ọ́ lójú. Ó tà á ní ṣílè mélòó kan, kí ó lè fi owó rẹ̀ ra àwọn mìíràn sínú àkójọ rẹ̀. Ní ọdún 2014, wọ́n ta bébà kékeré yìí kan náà ní gbàǹjo ní New York ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là. Kì í ṣe nítorí owó ni mo ṣe sọ ìtàn yìí. Mo sọ ọ́ nítorí pé ìwé tí ọmọ náà fẹ́ kún ni ó ń wò, kò wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. A kò sì lè bá ọmọdé wí. Àgbàlagbà púpọ̀ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú ohun tí ó ju sítáǹpù lọ.

Oríṣi ilé mẹ́ta ni ó wà lọ́jà fún ẹni tí ó ń kó sítáǹpù jọ. Èkíní ni ìwé tí a ti tẹ orúkọ orílẹ̀-èdè, ọdún, àti àwòrán sítáǹpù kọ̀ọ̀kan sí. Èkejì ni ìwé tí ó ní ọ̀já pélébé gbọọrọ lójú ewé rẹ̀, tí à ń ti sítáǹpù bọ̀ láìlẹ̀ ẹ́, tí a sì lè yọ ọ́ nígbàkígbà. Ẹ̀kẹta ni ìwé tí ojú ewé rẹ̀ ṣófo, tí olùkójọ fúnra rẹ̀ yóò tò, tí yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí.

Ìwé tí a ti tẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ rà, n kò sì ní pẹ̀gàn rẹ̀. Ó ń kọ́ ọmọdé ní orúkọ ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè dé. Ó ń fi hàn án pé ohun gbogbo ní ìgbà, ó sì ní ipò. Ṣùgbọ́n ilé tí a ti pín yàrá rẹ̀ kí a tó mọ iye ọmọ ni. Ẹnì kan ti jókòó níbì kan, ó ti pinnu ohun tí ó jẹ́ orílẹ̀-èdè àti ohun tí kì í ṣe orílẹ̀-èdè, kí ìwọ tó ní sítáǹpù kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ tiwa. Oṣù kẹfà ọdún 1874 ni sítáǹpù tí a kọ orúkọ Èkó sí kọ́kọ́ jáde. Láti ìgbà náà, Èkó ní ojú ìwé tirẹ̀ bí orílẹ̀-èdè, títí di ọdún 1906 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi dà á pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà. Gúúsù Nàìjíríà náà ní ojú ìwé tirẹ̀ láti ọdún 1901, Àríwá Nàìjíríà ní tirẹ̀ láti ọdún 1900, kí gbogbo wọn tó di Nàìjíríà ní ọdún 1914. Baba kan tí a bí ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní ọdún 1874, tí kò sì fi ìdí ààrò ìyá rẹ̀ sílẹ̀ rí, yóò ti gbé ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta kí ó tó pé ẹni ogójì ọdún, bí a bá gba ti ìwé tí a tẹ̀.

Ẹ tún wo Kétu àti Ìmẹ̀kọ. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Abẹ́ Aláketu kan náà ni àwọn méjèèjì wà kí òyìnbó tó fa ààlà sí wọn láàárín. Bí obìnrin kan ní Kétu bá kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ ní ọdún 1965, orúkọ Dahomey ni ó wà lára sítáǹpù rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá fèsì, orúkọ Nàìjíríà ni. Nínú ìwé tí a tẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ìwé ni yóò wà láàárín àwọn ọmọ ìyá méjèèjì, nítorí pé D jìnnà sí N. Nígbà tí Dahomey sì yí orúkọ padà di Benin ní ọdún 1975, àbúrò tún kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ojú ìwé mìíràn láìjẹ́ pé ó dìde lórí àpótí tí ó jókòó lé. Sítáǹpù tí Biafra tẹ̀ ní ọdún 1968 ńkọ́? Ìwé tí ó fún un ní ojú ìwé tirẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìwé tí ó fi í sẹ́yìn Nàìjíríà ti sọ òmíràn. Èyí tí kò là àyè fún un rárá náà kò dákẹ́. Kò sí èyí tí kò dá ẹjọ́ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ra ìwé náà kò mọ̀ pé òun ti fọwọ́ sí ìdájọ́ náà nígbà tí òun sanwó.

Ohun mìíràn tún wà. Ìwé tí a tẹ̀ kò fẹ́ràn òfìfo. Gbogbo àyè tí kò ní sítáǹpù nínú ni ó ń bá olówó rẹ̀ wí pé kò tíì ní. Ènìyàn lè ní ọgọ́rùn-ún sítáǹpù tí ó dára, kí ó sì máa sùn pẹ̀lú ìrònú mẹ́ta tí ó kù. Ibẹ̀ ni ojúkòkòrò ti ń wọlé, tí àkójọ tí ó yẹ kí ó máa fún ni ní ìtẹ́lọ́rùn fi ń di gbèsè tí a kò jẹ ẹnikẹ́ni.

Kí òyìnbó tó kó sítáǹpù dé, àwọn baba wa ń ránṣẹ́. Ọ̀yọ́ kò ní ojú ìwé nínú álíbọ́ọ̀mù ọdún 1874, ṣùgbọ́n àrokò ń ti Ọ̀yọ́ lọ, ó ń bọ̀. Bí ẹnì kan bá sín owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀fà ni ó kà sí ọ létí: ọkàn òun fà mọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni: ọ̀rọ̀ yín jọra, ẹ jọ wà pọ̀ ni. Bí owó ẹyọ méjì bá dojú kọ ara wọn lórí okùn, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a sọ pé olùtọ́jú kan tí ó fẹ́ràn ètò rí àrokò bẹ́ẹ̀. Ó já okùn rẹ̀, ó fọ owó ẹyọ mọ́ tónítóní, ó kó àwọn ńlá sọ́tọ̀, ó kó àwọn kéékèèké sọ́tọ̀, ó sì tò wọ́n sínú àpótí onígíláàsì. Kò sọ ẹyọ kan nù. Gbogbo wọn pé, wọ́n sì ń dán. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a fi wọ́n rán ti kú, nítorí pé inú okùn ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Èmi gan-an ti dé oríta yìí, ìdí sì nìyí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò bàbá mi kan wà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn ará ọjà kọ lẹ́tà nítòsí Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn. Tábìlì kan, àga méjì, àti ìgò tàdáwà ni iṣẹ́ náà gbà. Bí èsì lẹ́tà bá dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n tún máa ń gbé e wá kí ó kà á fún wọn. Kì í gba owó fún kíkà. Ohun tí ó máa ń tọrọ ni sítáǹpù ara àpò lẹ́tà náà. Nígbà tí ó fi ayé sílẹ̀, ó fi ìwé gbọọrọ kan sílẹ̀, irú èyí tí àwọn oníṣòwò kòkó fi ń ṣírò owó. Ẹ̀kọ ni ó fi lẹ àwọn sítáǹpù náà mọ́ ọn. Kò tò wọ́n bí orílẹ̀-èdè. Ojú ìwé kan, ẹnì kan ni. Orúkọ ẹni tí ó ni lẹ́tà ni ó wà lókè. Lábẹ́ sítáǹpù kọ̀ọ̀kan ni ọjọ́ wà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí ó fi ń rántí ohun tí lẹ́tà náà sọ: ó ti bímọ. Kò rí owó rán. Ara rẹ̀ kò yá.

Ẹni tí ó bá mọ̀ nípa sítáǹpù yóò mọ̀ pé ìwé yìí wà nínú ewu. Aáyán fẹ́ràn ẹ̀kọ. Bébà olówó pọ́ọ́kú ní ásíìdì nínú. Ó ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, yóò sì pọ́n sítáǹpù pẹ̀lú ara rẹ̀. Bí a bá fẹ́ gba àwọn sítáǹpù là, ohun tí àwọn olùkójọ máa ń ṣe ni kí a rẹ wọ́n sínú omi kí wọ́n lè ṣí. Ṣùgbọ́n tàdáwà ìgbà náà kò lè farada omi. Omi tí yóò gba sítáǹpù là ni yóò pa orúkọ rẹ́.

Àbúrò mi tí ó jẹ́ ọmọ bàbá náà ni ó gbé ìwé náà fún mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a ra èyí tí wọ́n ti tẹ àwòrán sí, kí a rẹ gbogbo rẹ̀, kí a tò ó bí ayé ṣe ń tò ó. Bàbá ti lọ. Àwọn tí wọ́n ń ka lẹ́tà fún náà ti lọ. Sítáǹpù ni ó kù.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹni tí ń bẹ láàyè ni ó ni ohun tí ó kù, ohun tí aáyán bá sì ti jẹ kò ní ètò kankan mọ́, ì báà jẹ́ ètò bàbá, ì báà jẹ́ ètò ayé. Ìyá wa, opó bàbá náà, kò sọ̀rọ̀ sítáǹpù rárá. Ohun tí ó sọ ni pé, “Ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni níta o. Ohun tí wọ́n sọ fún un, inú rẹ̀ ni ó gbé e lọ.” Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wúwo ju ti àwa méjèèjì lọ. Ẹni tí kò mọ̀wé tí ó gbé lẹ́tà ọmọ rẹ̀ fún ọ kà, àṣírí rẹ̀ ni ó gbé lé ọ lọ́wọ́. Ikú rẹ kò sì sọ àṣírí náà di ti gbogbo ayé.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ṣé omi kọ́ ni ó dára jù? Bí a bá rẹ ìwé náà, sítáǹpù yóò là, àṣírí yóò bò, àbúrò mi yóò rí ohun tí ó fẹ́, ìyá wa yóò sì sùn. Fún ìgbà díẹ̀, n kò rí èsì sí èyí. Ojú ìwé kan ni ó fún mi lésì. Mo gba àyè lọ́wọ́ ìyá wa kí n tó mẹ́nu bà á níhìn-ín, n kò sì ní dárúkọ. Ìyá kan tí ń ta aṣọ òkè ni ó ni ojú ìwé náà. Ọmọ rẹ̀ ń ṣòwò ní Kùmásí. Sítáǹpù tí ó ṣáájú jẹ́ ti Gold Coast, èyí tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ òmìnira Ghana àti ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1957 lé lórí. Òmíràn tẹ̀lé e, òmíràn tún tẹ̀lé e, títí di ọdún 1969. Lẹ́yìn èyí, ìdajì ojú ìwé náà ṣófo. Ọdún náà, ní oṣù kọkànlá, ni ìjọba Ghana pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá sì fi ilé, ọjà àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀ padà wá sílé. Ní ibi tí òfìfo náà ti bẹ̀rẹ̀, àbúrò bàbá mi kọ ọ̀rọ̀ méjì péré: “Ó dé.”

Ẹ jẹ́ kí a fi òfìfo yìí wé ti ìwé tí a tẹ̀. Nínú ìwé tí a tẹ̀, Ghana lẹ́yìn ọdún 1969 jẹ́ àyè lórí àyè tí kò ní nǹkan kan nínú, gbogbo rẹ̀ sì ń wí pé àkójọ yìí kò pé. Nínú ìwé àbúrò bàbá mi, òfìfo kan náà sọ pé ọmọ ti wọlé, ìyá kò sì nílò lẹ́tà mọ́. Ojú ìwé náà pé. Bí mo bá rẹ àwọn sítáǹpù náà, tí mo sì gbé wọn lọ sí ilé tuntun, kò ní sí èyí tí yóò sọ nù, síbẹ̀ ìpadàbọ̀ yóò ti di àìní. Irọ́ ni mo máa pa, n kò sì ní la ẹnu.

Nítorí náà ni mo fi gbà pé bíbo àṣírí àti pípa ìtàn rẹ́ kì í ṣe ohun kan náà. Àṣírí ń bẹ fún ẹni tí ó ni ín. A lè bò ó, kí a sì tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó pa á rẹ́ kò bò ó fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba ti dé ibi ìpinnu yìí tipẹ́. Láti ọdún 1841 ni ìjọba Faransé ti pàṣẹ fún àwọn olùtọ́jú ìwé rẹ̀ pé ìwé tí ó bá ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan, ìdílé kan tàbí iléeṣẹ́ kan wá, kí wọ́n jẹ́ kí ó wà pọ̀, kí wọ́n má tú u dà mọ́ ti ẹlòmíràn. Wọ́n mọ̀ pé ipò tí ìwé kan wà sí èkejì jẹ́ apá kan nínú ohun tí ìwé náà ń sọ. Ẹni tí ń sín àrokò ti mọ èyí ṣáájú wọn.

Ohun tí a wá ṣe nìyí. Àwọn sítáǹpù tí aáyán kò tíì fọwọ́ kàn, a fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí bàbá fi wọ́n sí. A fi bébà tí kò ní ásíìdì sáàárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan, a sì gbé gbogbo ìwé náà sínú àpótí rẹ̀. Àwọn tí ó ti ń bàjẹ́, a fi ọ̀rinrin díẹ̀díẹ̀ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láìrẹ ojú ewé, a sì kó wọn sínú álíbọ́ọ̀mù olójú òfìfo ní ètò tí bàbá tò wọ́n. Nọ́ńbà ojú ìwé àtijọ́ ni a kọ sókè. A kò kọ orúkọ. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ yóò fi nọ́ńbà wá orúkọ lọ sínú ìwé àtijọ́, tí ó wà lọ́wọ́ ìyá wa. Àbúrò mi bi mí léèrè pé, bí òun bá fẹ́ tún un tò lọ́jọ́ mìíràn ńkọ́? Mo ní kò sí ohun tí ó dè é. A kò lẹ ohunkóhun mọ́ ibi tí a kò ti lè yọ ọ́. Èmi rò pé èyí ni òfin àkọ́kọ́ fún gbogbo ẹni tí ó bá ń tọ́jú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan: má ṣe ohun tí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní lè tú.

Òfin kejì ni pé kí a wo ìwà ilé kí a tó wo ẹwà rẹ̀. Ìwà lẹwà ni a máa ń wí, kò sì sí ibi tí ó ti jẹ́ òótọ́ tó nínú ọ̀rọ̀ álíbọ́ọ̀mù. Àwọn kan wà tí èèpo ẹ̀yìn wọn ń dán bí awọ, tí a fi wúrà kọ orúkọ sí, tí ojú ewé wọn sì jẹ́ ike rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní PVC. Ike yìí ń tú òróró jáde díẹ̀díẹ̀; bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, yóò yí àwọ̀ sítáǹpù padà, yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni ilé mìíràn wà tí kò fani mọ́ra, tí bébà rẹ̀ kò ní ásíìdì, tí ike rẹ̀ jẹ́ poliẹ́sítà tí kì í tú nǹkankan jáde. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, tí ọ̀rinrin ń yọ́ gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn sítáǹpù tuntun títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ojú ewé, ìdúró ni ó yẹ kí á fi ìwé náà sí, kí a má to ẹrù lé e, kí atẹ́gùn sì máa fẹ́ sí i. Ẹni tí kò bá béèrè ohun tí ilé fi ṣe, tí ó kàn ní ó lẹ́wà, ti fi ọmọ rẹ̀ fún alágbàtọ́ tí kò mọ ìwà rẹ̀.

Òfin kẹta ni kí a sọ̀rọ̀ ilé náà nígbà tí a wà láàyè, kí a sì sọ ọ́ fún ẹni tí yóò lè mú un ṣẹ. Thomas Tapling kú ní ọdún 1891, ó sì fi àkójọ rẹ̀ sílẹ̀ fún British Museum. Títí di òní ó ṣì wà pọ̀ ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù. Philipp von Ferrary náà kú ní ọdún 1917. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí àkójọ òun lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní Berlin. Ṣùgbọ́n ogun ń lọ lọ́wọ́, Faransé ni àkójọ náà sì wà. Ìjọba Faransé gbẹ́sẹ̀ lé e bí ohun ìní ọ̀tá. Láti ọdún 1921 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní gbàǹjo, tí ó fi fọ́n káàkiri ayé. Sítáǹpù British Guiana tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà lára rẹ̀. A kò lè sọ pé Ferrary kò sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti kú kò lágbára tó ti ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ mú. Ìdí nìyí tí a fi pe gbogbo ọmọ ilé jọ nígbà tí a di àpótí náà, tí ìyá wa sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tí yóò gbà á lẹ́yìn òun.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn lè sọ pé ẹ̀kọ́ ni kíkó sítáǹpù jọ, pé ẹ̀kọ́ sì nílò ètò tí gbogbo ayé lóye. Òtítọ́ ni. Bí gbogbo olùkójọ bá ń tò ó bí ó ti wu ọkàn rẹ̀, a kò ní lè fi ti ẹnì kan wé ti ẹlòmíràn, a kò sì ní mọ ayédèrú yàtọ̀ sí ojúlówó. Ẹni tí ó bá lọ sí ọjà lọ ra sítáǹpù fúnra rẹ̀, kí ó ra ìwé tí a tẹ̀ bí ó bá wù ú. Òun ni ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, kò sí okùn tí ó já. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹlòmíràn ti tò kí ó tó dé ọwọ́ wa yàtọ̀. Ó ti ní ilé kan rí. Kí a tó kó o kúrò níbẹ̀, ó yẹ kí a béèrè ohun tí ilé náà ń sọ.

A ń kó nǹkan lọ sí ilé tuntun nígbà gbogbo ní ayé òde òní. À ń kó oríkì sínú ìwé, à ń kó ère kúrò lójúbọ lọ sínú àpótí onígíláàsì, à ń kó arúgbó láti abúlé wá sí yàrá ẹ̀yìn ní ìlú ńlá. Ìfẹ́ ni ó ń mú wa ṣe é, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kò tó, nítorí pé ẹni tí ó gé etí sítáǹpù náà ní ìfẹ́. Kí a wọn ọmọ kí a tó kọ́ yàrá. Bí àyè bá sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí a má tètè wí pé nǹkan kan sọ nù. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti dé.